Ìyá Mi, Omi Gbígbóná àti Iṣẹ́ Abẹ Ìpá Mi

Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún mi ní ilé ìwòsàn kan ní Yábàá, wọ́n fún mi ní ìwé olójú méjì lọ sílé. Lójú kìíní, orúkọ mi àti ọjọ́ orí mi nìkan ló yé mi; èdè àwọn dókítà ni ìyókù. Mi ò tilẹ̀ ṣí ojú kejì.

Ìyá mi ò nílò ìwé kankan. Èbúté Mẹ́ta ló ti dé lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú táwẹ́lì nínú báàgì. Kò sí ọmọ rẹ̀ obìnrin tàbí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó bímọ tí kò fi omi gbígbóná tẹ ikùn fún. Ó ní, "Ikùn kan náà ni. Ibi tí wọ́n bá là, omi gbígbóná ló ń jẹ́ kó jinná." Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, olùkọ́ ni mí, àwọn ọmọ máa ń gbọ̀n tí mo bá wọ kíláàsì. Síbẹ̀, mo nà gbalaja, mo ń ké "Yéè!" bí abiyamọ, bó ṣe ń tẹ ẹ̀gbẹ́ báńdéèjì náà. Wọ́n ní ìyá ni wúrà; wúrà tèmi gbóná lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ojú ibẹ̀ wú tó gúáfà. Mo gbà pé ìpá náà ti tún yọ, pé wọn á tún là mí. Mo sá wọ báluwẹ̀, mo fi àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ní Ìlúpéjú, mo sì pè é. Ohùn rẹ̀ dún síta nínú fóònù:

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ò ka page kejì ni? Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: ó lè wú, ó lè dúdú wálẹ̀ títí débi tẹ́ ò ní fẹ́ fi hàn mí. Omi ara ló kóra jọ, á lọ fúnra ẹ̀. Tí ibà bá dé, tójú ẹ̀ bá ń ṣọyún, tàbí tẹ́ ẹ bá ń bì, ẹ sáré padà lọ. Àbí ẹnì kan fi nǹkan gbóná kàn án?"

"Rárá o," ni mo wí.

"Irọ́ ló ń pa!" Ìyá mi ló fèsì láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́!"

Àbúrò mi ní ká lọ rí dókítà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá mi kọ̀ láti dúró síta. Dókítà fọwọ́ lé ibi tó wú, ó ní kí n wúkọ́. Ẹ̀rù bà mí kí ohun tí wọ́n rán má baà já. Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti wú ikọ́ tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ikùn ara rẹ̀.

Mo wú tèmi. Nǹkan kan ò yọ.

"Ibi tá a rán ṣì dúró dáadáa, Mà; omi ara lásán ló wú," ni dókítà wí.

Ìyá mi bú sẹ́kún. "Mo rò pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba ọmọ mi jẹ́." Èmi tó yẹ kí wọ́n máa bẹ̀ ni mo wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.