Bọ́tìnì tí Mùíbì fà dé ọwọ́ Ládàánì

Ẹni tó bá fẹ́ ìjà èmi Sàídátù, kó bú Mùíbì atún-rédíò-ṣe lójú mi. Kò ka ìwé mẹ́fà tán, Àbíjáǹ ló ti kọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló gba bàbá mi lọ́wọ́ ìtìjú lọ́dún 1988, ẹni mọ inú rò á sì mọ ọpẹ́ dá.

Ládàánì ni bàbá mi ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Èjìgbò. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń pe ìrun kí ohùn wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Bí a bá yí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sókè, á máa han mọ́ni létí. Bí a bá yí i wálẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́. Òdìkejì àgbàlá ni ẹ̀rọ náà wà, nínú yàrá tí wọ́n ń tì nítorí olè, ẹsẹ̀ Bàbá kò sì gba lílọ bíbọ̀ mọ́. Àwọn àgbà wá ní tó bá di Jímọ́ọ̀ méjì sí i, ẹlòmíràn ni yóò máa pe ìrun. Bàbá kò fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà.

Mùíbì ní òun yóò gbé bọ́tìnì tí a fi ń yí ẹ̀rọ náà wá sítòsí ọwọ́ wọn. Ó tú u, ó fi wáyà gígùn fà á la àgbàlá kọjá. Àṣìṣe gbáà ni. Wáyà ń kùn bí oyin, nígbà tó sì di aláásàrí, rédíò já wọ inú rẹ̀: Bàbá ń pe ìrun, sípíkà ń polówó ọṣẹ. Mo bú Mùíbì débi pé ojú ń tì mí títí dòní.

Ó kàn tọrọ rédíò kásẹ́ẹ̀tì mi tó ti kú, èyí tí mo gbé bọ̀ láti Àbíjáǹ. Ó yọ tiransísítọ̀ kan nínú rẹ̀, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní ohùn kò ní gba wáyà gígùn kọjá mọ́. Iná bátìrì díẹ̀ ni bọ́tìnì ọwọ́ Bàbá yóò máa fi ránṣẹ́, bí iná náà bá sì ṣe pọ̀ tó ni tiransísítọ̀ yóò ṣe jẹ́ kí ohùn jáde tó.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ó jókòó ti Bàbá. “Dúsúmá, Bàbá,” ló ń sọ, bí àwọn ará Àbíjáǹ ṣe ń sọ pé kéèyàn ṣe jẹ́jẹ́. “Ẹ máa yí i dúsúmá.” Ohùn Bàbá jáde ketekete, kò han, kò kùn. Àwọn àgbà kò dárúkọ ẹlòmíràn mọ́.

Nígbà tí ìrun parí, tí oníkálukú ń wá bàtà rẹ̀, ohùn Bàbá tún jáde ní sípíkà. “Mùíbì, o ò jẹ́ kí ojú tì mí. Ojú ò ní ti ìwọ náà láyé.” A rò pé wọ́n gbàgbé láti yí bọ́tìnì wálẹ̀ ni. Mùíbì nawọ́ sí i, Bàbá gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n yí i sókè sí i, wọ́n tún àdúrà náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn èrò ojú títì tí kò mọ Mùíbì rí ń ṣe àmín. Èmi náà ṣe é níbi tí mo jókòó sí láàárín àwọn obìnrin, mi ò sì tíì dákẹ́.