Ọjọ́ Ìsinmi Méjì Nínú Àgbàlá Kan

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí mo ṣe ń wé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì nílé mi l'Ọ̀wọ̀ níbí, mo gbọ́ ìró odó láti ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọ Poli tó háyà yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń gúnyán. Gèlè dúró sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má rí nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Imeri, irú ìró bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mi.

Ọ̀dọ̀ màmá àgbà, ìyá bàbá mi, ni mo gbé dàgbà. Áńgílíkà paraku ni wọ́n. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a ó ti pọnmi, a ó ti lọ ata, màmá yóò sì dojú odó bolẹ̀ di àárọ̀ Mọ́ńdè. Bàbá Abọ́sẹ̀dé, tí ilé wọn kọjú sí tiwa nínú àgbàlá kan náà, Sábáàtì ni tiwọn. Bí oòrùn Fúráídeè bá ti wọ̀, iṣẹ́ parí títí oòrùn Sátidé yóò fi wọ̀. Abọ́sẹ̀dé tí wọ́n sọ lórúkọ torí pé ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n bí i, òun gan-an ló ń gúnyán lọ́jọ́ Ìsinmi! Òun sì ni ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo.

Ọmọ atọpinpin ni mí. Mo bi màmá pé ọjọ́ wo gan-an ni Ọlọ́run sinmi. Wọ́n ní ọjọ́ tí Jésù jíǹde ni tiwa. Mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá Abọ́sẹ̀dé lọ, wọ́n ní ọjọ́ keje ni, kò sì sẹ́ni tó lè yí i padà. Mo gbé èsì náà padà wálé, inú bá bí màmá. Bí odó wọn ṣe tún ń ró gbì-gbì lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, màmá pòṣé: "O ò gbọdọ̀ dé ilé yẹn mọ́. Wọ́n fẹ́ da orí ẹ rú." Èdè ilé wa ni wọ́n fi sọ ọ́, ó ta létí ju báyìí lọ. Mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà ìkórè kòkó, àwọn Bàbá Abọ́sẹ̀dé pẹ́ dé láti oko ní Fúráídeè kan. Oòrùn ti wọ̀ kí wọ́n tó ráyè kó kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òjò ṣú. Kòkó tí òjò bá pa yóò bu, ohun tí ilé yẹn yóò sì fi jẹun lọ́dún náà ló wà nílẹ̀ yẹn. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo kòkó, wọn ò dìde. Abọ́sẹ̀dé ń sunkún lẹ́yìn wọn.

Màmá wo ojú ọ̀run, wọ́n wo bàbá, wọ́n gbá ìró mọ́dìí. Wọ́n ní kí n gbé apẹ̀rẹ̀ wá. Èmi àti wọn la kó gbogbo rẹ̀ wọlé, òjò bá wa lórí ẹní tó kẹ́yìn.

"Jókòó jẹ́ẹ́ kí o sinmi ẹ, Bàbá Abọ́sẹ̀dé," ni màmá wí. "Ọ̀la ni tèmi."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ò gbọ́ ìró odó. Màmá tẹ́tí títí. Nígbà tí wọ́n yọjú, odó àwọn Bàbá Abọ́sẹ̀dé dojú bolẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, iṣu sísè ni wọ́n ń jẹ. Màmá padà wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Lọ pe Abọ́sẹ̀dé wá jẹ ìrẹsì."

Àríyànjiyàn ò parí o. Títí àwọn méjèèjì fi kú, kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n odó ò tún ró lágbàlá wa ní Sátidé, kò sì ró lọ́jọ́ Ìsinmi.

Abọ́sẹ̀dé náà ti lọ. Ìjọ wọn kì í sìnkú lọ́jọ́ Sábáàtì, nítorí náà ọjọ́ Ìsinmi la sin ín ní Okeluse, níbi tó lọ́kọ sí. N ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ọkàn mi ò sì dá mi lẹ́bi. N ò bá àwọn ọmọ Poli wí. Ó kàn wù mí kí n mọ̀ bóyá ọjọ́ kan wà tí àwọn náà ń dúró sinmi. Títí dòní, n ò mọ èwo ni ọjọ́ náà gan-an nínú méjèèjì. Odó tèmi ń dojú bolẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Fúráídeè di àárọ̀ Mọ́ńdè.