Ọjọ́ tí Ìyá Ṣọ́ra Wọ Ọgbà Igbó

Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Aṣọ ibùsùn ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí àwọn yòókù bá fọ̀ ọ́ tán tí ó sì gbẹ, òun ni yóò nà án sórí tábìlì, tí yóò fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi tẹ́jú bí omi inú àwo. Orúkọ tí ìyá àti bàbá sọ ọ́ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Ìyá Ṣọ́ra ni wọ́n ń pè é, nítorí pé "ṣọ́ra" ni ó fi ń kí ènìyàn láàárọ̀, òun náà ni ó sì fi ń dágbére. Ṣọ́ra, ilẹ̀ ń yọ̀. Ṣọ́ra, wáyà yẹn ti bó. Ọ̀gá wọn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Ìyá Ṣọ́ra bá dé ọ̀run, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí wọ́n ń gbà sá jáde bí ilé bá gbiná.

Kì í bínú. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kì í bẹ̀rù kò tíì rí nǹkan ni.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó bí. Tíńtín ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí bí ó ti kéré tó nígbà tí wọ́n bí i. Bàbá Tíńtín ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń fojú kàn án. Àwọn méjèèjì ló kù nínú yàrá kan ní òkè pátápátá, nínú ilé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn tí ó sì ṣókùnkùn, tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Tíńtín a máa ti ilé ìwé dé ṣáájú ìyá rẹ̀. Yóò wọlé, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ títí ìyá yóò fi dé.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan wá kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wọn, ó pe ọmọ tó wà nínú ilé lórúkọ, ó ní ìyá rẹ̀ ló rán òun. Ọmọ ṣílẹ̀kùn. Kí ìyá tó dé, ọkùnrin náà ti kó gbogbo ẹrù inú yàrá lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò fọwọ́ kan ọmọ. Níjọ́ kan ni ó ti dúró nísàlẹ̀, tí ó gbọ́ tí ìyá ń ké sí ọmọ láti òkè, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kọ́ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí Ìyá Ṣọ́ra gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò lè jẹun. Ó mú Tíńtín jókòó sétí ibùsùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ẹni tó mọ orúkọ ẹ kọ́ ló mọ̀ ẹ́," ó ní. "Bí ẹnikẹ́ni bá pè ẹ́, tí o ò rí ojú ẹ̀, má dáhùn. Má mira rárá. Kódà kó jẹ́ ohùn tèmi lo gbọ́."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an ńkọ́, Màámi?"

"Bó bá jẹ́ èmi ni, wàá rójú mi."

Kò fi mọ síbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó yọ́ lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ. Ó pè é pẹ̀lẹ́, ó pè é kíkan. Ó ní òun ti ṣubú, ẹsẹ̀ ń dun òun, kí ó jọ̀ọ́ wá ṣílẹ̀kùn. Inú yàrá dákẹ́ bí ẹni pé kò sí ẹ̀dá níbẹ̀. Nígbà tí ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, ó bá Tíńtín lábẹ́ tábìlì, orúnkún kan àyà, ojú ranjú. Ìyá gbé e mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ilé ìfọṣọ lọ́jọ́ kejì. Ó ní ọmọ tí a kò kọ́ ni wọ́n ní yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Tòun ti gbẹ̀kọ́. Àgbà obìnrin tó ń ká aṣọ kàn sọ pé ẹ̀kọ́ náà dára, àmọ́ ó le díẹ̀ fún ọmọ kékeré.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ṣọ́ra ló mú ọ̀rọ̀ ọgbà igbó wá. Onídìrí ni ẹ̀gbọ́n yìí, ẹnu rẹ̀ sì ń yára bí ọwọ́ rẹ̀. Ilé ìwé ti gba ìsinmi, Tíńtín kò sì kúrò nínú yàrá. Ẹ̀gbọ́n ní ọmọ náà ti ń funfun bí ewéko tí wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ó ní ìjọba ṣe ọgbà igbó kan sẹ́yìn ìlú, igi ńlá ńlá wà níbẹ̀, ẹyẹ wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Ìyá Ṣọ́ra ní ejò náà á wà níbẹ̀.

"Ejò gan-an á ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wọlé," Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. "Ìwọ yìí, bí òjìji ara ẹ bá tẹ̀lé ẹ, wàá ní olè ni."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ bọ́ọ̀sì dé ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn, níbi tí ilé ti ń jìnnà síra wọn. Aṣọ́gbà kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà ńlá, aṣọ rẹ̀ dúdú bí ewé. Ó kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní etí adágún omi tó wà lápá òsì rọ̀, ẹsẹ̀ máa ń rì níbẹ̀. Wáyà tó yí ọgbà ká lápá ọ̀tún náà ti já níbì kan, títì ọkọ̀ ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní àwọn yóò ti géètì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n ń mi orí, kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyá Ṣọ́ra gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì kó wọn sínú bí ẹni kó ẹ̀gún mì.

Nínú ọgbà náà, igi ti fi orí kan ara wọn lókè. Ariwo ẹ̀rọ ló ti mọ́ Ìyá Ṣọ́ra létí láti ọdún yìí wá, kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ewé já, àyà rẹ̀ já. Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré gun igi, ìyá fa ọmọ mọ́ ìdí. Ó di ọwọ́ Tíńtín mú títí ọwọ́ àwọn méjèèjì fi làágùn, ọmọ sì ń bẹ̀bẹ̀ pé òun kàn fẹ́ fọwọ́ kan èèpo igi ni.

"Fi ọmọ yẹn sílẹ̀," Ẹ̀gbọ́n wí. "Kì í ṣe báàgì."

Ó fi í sílẹ̀. Tíńtín sáré lọ síwájú, ó padà wá. Ó tún sáré lọ, ó tún padà wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́ kí ó rẹ́rìn-ín sókè bẹ́ẹ̀ rí, torí inú yàrá wọn, ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ohun gbogbo. Inú òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Ibẹ̀ ni okùn sálúbàtà Ẹ̀gbọ́n ti já. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi òwú ìdìrí tó wà nínú àpò Ẹ̀gbọ́n so ó, ó já, wọ́n tún un so. Nígbà tí wọ́n gbórí sókè, ojú ọ̀nà ti dá páropáro.

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé yóò padà wá bí ó ti ń ṣe. Kò padà wá. Ẹ̀gbọ́n pè é, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó tún pè é, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá Ṣọ́ra sáré dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ohùn aṣọ́gbà padà sí i létí: adágún omi, wáyà tó já, títì ọkọ̀. Ó pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀, ẹyẹ kan fò, igbó sì tún pa dé.

Ẹ̀gbọ́n fi ẹsẹ̀ lásán sáré lọ pe aṣọ́gbà. Ọkùnrin náà mú ẹnìkejì rẹ̀ wá, ó sì mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan dání. Tọkọtaya kan tó wá ya fọ́tò dá sí i, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń jẹun lábẹ́ igi náà dá sí i. Ìyá Ṣọ́ra sọ orúkọ ọmọ fún gbogbo wọn. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pè é tagbára-tagbára. Láìpẹ́, orúkọ Tíńtín gba gbogbo igbó kan, lóhùn ọkùnrin, lóhùn obìnrin, lóhùn ẹ̀rọ tó ń ha. Lókè, òjò ti ń ṣú.

Òun fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà adágún lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé kókósẹ̀. Ó rí ohun funfun kan tó léfòó láàárín omi bí aṣọ ọmọ. Ó di ẹ̀ka igi mú kí ó má baà ṣubú. Atẹ́gùn fẹ́, ohun náà yí padà. Ọ̀rá lásán ni. Ó bú sẹ́kún, ó kọjú sí igbó, ó ń pè: "Tíńtín, èmi ni. Màámi ẹ ni. Jọ̀ọ́, wá."

Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ó rántí. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Bí ó ṣe bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn nìyẹn, gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kò sì mira.

Ó wá yé e pé Tíńtín lè máa gbọ́ wọn láti ìgbà yìí. Ó lè wà nítòsí, orúnkún kan àyà, kí ó máa gbọ́ bí àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí ṣe ń ké orúkọ rẹ̀ nínú igbó. Bí wọ́n ṣe ń pè é tó ni yóò ṣe máa sá pamọ́ tó. Bí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, bí ilẹ̀ bá ṣú, ibẹ̀ náà ni yóò wà, torí òun ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ó sáré padà, ó di aṣọ́gbà lápá mú, ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má pè é mọ́. Wọ́n rò pé ìdààmú ti dà á lórí rú. Aṣọ́gbà béèrè báwo ni wọn yóò ṣe rí ọmọ tí wọn kò pè. Ìtìjú ń pa á, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé òfin náà fún un lójú gbogbo wọn.

"Ojú mi ló ń dúró dè," Ìyá Ṣọ́ra ní. "Ibo ló ga jù níbí?"

Ibi tó ga jù ni pẹpẹ onípákó kan tí àwọn ènìyàn máa ń gùn láti wo ẹyẹ. Àtẹ̀gùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń mì. Obìnrin tí kì í gun àpótí láìbẹ ẹlòmíràn pé kó di òun mú ló fẹsẹ̀ lé e. "Ẹ ṣọ́ra o, ìyá wa," aṣọ́gbà wí. Kò gbọ́. Ó fi ọwọ́ àti orúnkún gùn ún, ó dúró lórí pákó, ó tú gèlè kúrò lórí kí ojú rẹ̀ lè hàn dáadáa. Ó yí sí apá kan, ó dúró. Ó yí sí apá kejì, ó dúró.

Gbogbo igbó dákẹ́. Kò sí ohun tó burú tó ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Nígbà tí ó ń pariwo, ó kéré tán, ó ń ṣe nǹkan. Nísinsìnyí, kò mọ̀ bóyá ọmọ tó fara pamọ́ ló ń fi ojú rẹ̀ hàn tàbí omi adágún lásán. Orúkọ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó fi eyín di ètè mú kí ó má baà jáde. Òjò kán sí i níwájú orí.

Nísàlẹ̀, nítòsí ibi tí sálúbàtà ti já, igi ńlá kan wà tó ti wó tipẹ́, ewé sì ti bò ó. Ewé náà mì. Ọwọ́ kékeré kan jáde, lẹ́yìn náà orí, lẹ́yìn náà Tíńtín látòkè délẹ̀, ẹrẹ̀ lára. Kò sáré. Ó dúró, ó gbójú sókè wo obìnrin tó wà lórí pẹpẹ, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tó ń ka ohun tí ó ṣòro láti kà.

"Màámi?"

Ìyá Ṣọ́ra kàn mi orí ni. Kò mọ bí òun ṣe sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Tíńtín sọ pé òun kàn fẹ́ wo abẹ́ igi náà ni, òun sì fẹ́ jáde nígbà tí Màámi kọ́kọ́ pè. Àmọ́ òun ò rí ojú wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pe òun, òun sì fi eyín di ọwọ́ kí ẹkún má baà jáde. Ó na ọwọ́ náà sí ìyá rẹ̀, àpá eyín hàn lára rẹ̀ kedere.

"Ṣé mo ṣe é dáadáa?" ó béèrè.

Ìyá nu ẹrẹ̀ kúrò lójú ibẹ̀. "O ṣe é dáadáa," ó ní, torí kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè sọ fún ọmọ tó pa òfin mọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, òjò ń lu òrùlé, ó gbìyànjú láti tún òfin náà ṣe. Ó ní bó bá jẹ́ inú igbó ni, kí ó dáhùn. Bó bá jẹ́ ilé ni, kí ó má dáhùn. Tíńtín ronú sí i, ó ní báwo ni òun yóò ṣe mọ̀ bí ohùn náà bá jẹ́ ọ̀kan náà. Ìyá ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yẹn lọ́kàn, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, àti ọmọ tó dá wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn lójoojúmọ́.

Ó ní láti ọjọ́ Ajé, ilé ìfọṣọ ni wọn yóò jọ máa lọ títí ìsinmi yóò fi parí, bí ilé ìwé bá sì wọlé, ibẹ̀ ni kí ó máa ti ilé ìwé bọ̀. Ọ̀gá lè pariwo bí ó bá fẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní bí ọ̀gá bá pariwo, kí ó wá bá òun níbi ìdìrí, òun náà mọ ariwo pa. Tíńtín béèrè bóyá tábìlì wà níbẹ̀ tí òun lè fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

"Tábìlì wà," Ìyá Ṣọ́ra dáhùn. Ó ti di ọwọ́ ọmọ náà mú, lójú ibi tí àpá eyín wà, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.