Màrìwò Tí A So Sẹ́nu Ọ̀nà Ilé Tẹ́tẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó dáadáa kí n ro fún yín bí ó ṣe ku díẹ̀ kí wọ́n dáná sun ọmọ mi mọ́nú ilé tẹ́tẹ́ lọ́jọ́ Sunday ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú mi. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ má bínú.

Ìlú Enugu la wà, ní Ogui New Layout. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé ọkọ mi wá síbí kí a tó bí Tọ́pẹ́, àkọ́bí wa obìnrin. Ibí ni mo bí i sí, ibí ló dàgbà sí. Bí mo bá bá a sọ Yorùbá, Pidgin ni yóò fi dá mi lóhùn, bí inú bá sì ń bí i, Igbo ni! Ó parí ìwé, kò ríṣẹ́, ó wá di káṣíà ní ilé tẹ́tẹ́ Ọ̀gá Dili ní títì wa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń yínmú. Ọmọ ìyá ìjọ, káṣíà ilé tẹ́tẹ́! Ẹ dákẹ́ ná. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ fún un níṣẹ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Ọ̀gá Dili jẹ́. Ọmọ Igbo ni, ará ibí gan-an. Kí ó tó ṣílé tẹ́tẹ́ sọ́dọ̀ wa, òkùnkùn ni títì wa. Òun ló ra tíránsífọ́mà. Òun ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sẹ́yìn ilé tẹ́tẹ́, tó ra jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi, tó sì ní kí gbogbo àdúgbò máa pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí àwọn tó ń wá wo bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń yan àgbàdo ń rí tà, oní-POS ń rí tà, èmi tí mo ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì náà ń rí tà. Ẹ̀wà mi kì í sùn!

Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún yín. Mo máa ń rí àwọn ọmọkùnrin tó ń jáde níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí ojú wọn pọ́n, tí wọ́n ń gbá ògiri ní ẹ̀ṣẹ́. Mo rí ẹnì kan tó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tà níwájú ìsọ̀ mi kí ó lè padà wọlé lọ ta sí i. Owó tí Ọ̀gá Dili fi gbẹ́ kànga, àpò ta ló ti jáde? Gbogbo wa la mọ̀. Omi náà la sì ń mu.

Ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá ńkọ́? Páànù rẹ̀ ti jẹrà. Tọ́pẹ́ sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ní òun á pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Há! Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nípàdé ìjọ. Bàbá Àjàyí, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá rẹ̀ wá sí Enugu, dìde fùú, ó ní owó tẹ́tẹ́ kò ní bo òun lórí láéláé. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni òjò dé, tó ń kán tó, tó, tó sórí pípá rẹ̀. Ẹ̀rín pa wá! Bí a ṣe gbà nìyẹn. A tiẹ̀ fi Ọ̀gá Dili ṣe Baba Ìkórè.

Ẹ sì mọ àṣà wa. A kì í jẹ́ kí Baba Ìkórè dá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Akọrin àti àwa ìyá ìjọ la máa lọ fi orin sìn ín wá, a ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti mọ́tò rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀gá Dili ní ilé tẹ́tẹ́ ni kí a ti wá mú òun, kí àwọn òṣìṣẹ́ òun lè bá òun lọ. Èmi ni olórí àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́. Mo ní kí wọ́n má já ọ̀pẹ tó ti dúdú wá o, màrìwò ni mo fẹ́, èyí tó ṣì tutù tó sì funfun, irú èyí tí a fi ń hun àgbélébùú lọ́jọ́ Sunday Ọ̀pẹ. Ó máa ń yọ dáadáa nínú fọ́tò.

Ní Saturday tó ṣáájú ìkórè, nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Obinna, káfíńtà ní Artisan Market, ń wo bọ́ọ̀lù nílé tẹ́tẹ́. Gbogbo ìdíje tó ta sí ló wọlé, àfi ẹyọ kan tí wọ́n jẹ góòlù sí nígbà tí réfírì ti fẹ́ fọn fèrè. Obinna dìde, ó di àyà mú, ó ṣubú gbì. Ọ̀gá Dili fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú mọ́tò, Tọ́pẹ́ sì gbé orí rẹ̀ lé itan títí wọ́n fi dé ọsibítù. Ọ̀gá ló san owó ìtọ́jú. Tọ́pẹ́ dúró ti ìyá Obinna títí ọmọ rẹ̀ fi lajú, wọ́n sì gba nọ́ńbà ara wọn.

Àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ Obinna kò mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé Ọ̀gá Dili gbé e sínú mọ́tò, wọn ò mọ ibi tó gbé e lọ, fóònù Obinna ò sì lọ mọ́.

Ìgbà tí a dé ilé tẹ́tẹ́ láàárọ̀ Sunday, a bá àwọn ọ̀rẹ́ yìí ní òdìkejì títì. Wọ́n pọ̀. Mo kí wọn, wọ́n kàn ń wò mí. Mo rò pé wọ́n ń dúró kí ilé tẹ́tẹ́ ṣí ni, torí ilẹ̀kùn iwájú ṣì wà ní títì. Ọ̀gá Dili wà lókè, ó ń wọṣọ. Tọ́pẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé, ó wà nínú àgọ́ onírin tí káṣíà máa ń jókòó sí. Dírẹ́bà Ọ̀gá Dili ti gbé mọ́tò síwájú, ó wá lọ ra ọ̀kpà, irú mọ́ínmọ́ín àwọn Igbo, ní ìkóríta.

A so màrìwò sẹ́nu ọ̀nà. A so ó síwájú mọ́tò, a so ó mọ́ dígí ẹ̀gbẹ́. Mo rìn sẹ́yìn, mo ya fọ́tò. Ó rẹwà!

Dírẹ́bà dé pẹ̀lú ọ̀kpà rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó wo mọ́tò, ó wo ẹnu ọ̀nà, ọ̀kpà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọgun, "Chineke! Onye nwụrụ?"

Ta ló kú? Ohun tó ń béèrè nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ Igbo ti mọ̀ ná. Mọ́tò tí wọ́n bá so màrìwò síwájú rẹ̀ níbí, òkú ló gbé. Ilé tí wọ́n bá so ó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀ràn ńlá wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Mo ti rí i lára mọ́tò òkú rí o, kì í ṣe pé n kò rí i. Mo kàn rò pé wọ́n fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni, bíi tiwa. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin yẹn ké pé Obinna ti kú, pé Ọ̀gá Dili ti pa á, pé òkú rẹ̀ wà nínú ilé, mọ́tò yìí ni wọ́n sì fẹ́ fi gbé e jáde. Kí n tó mí, òkò ti fọ́ dígí iwájú mọ́tò. Wọ́n fi pákó lu dírẹ́bà létí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lọ́rùn. Àwọn akọrin wa sá pẹ̀lú aṣọ ìkọrin wọn, bàtà kún ilẹ̀.

Ọ̀gá Dili sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́? Wọ́n fi ọrùn ẹ̀wù wọ́ ọ lulẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Ẹnì kan gbé irin sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí apá rẹ̀. Mo gbọ́ bí egungun yẹn ṣe dún! Nínú àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ gbá a lẹ́nu, mo dá ẹnì kan mọ̀, Ọ̀gá Dili ló san owó ìdánwò rẹ̀. Omijé ìbínú bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn náà ni mo rí kẹ́ẹ̀gì. Ẹ ṣáà mọ ibi tí wọ́n ti rí pẹtiróòlù? Ìdí jẹnẹrétọ̀ kànga ẹ̀rọ. Epo tó ń fa omi ọ̀fẹ́ fún wa ni wọ́n ń dà sára ilẹ̀kùn ilé tẹ́tẹ́. Ọmọ mi sì wà nínú ilé yẹn! Irin tí wọ́n fi yí i ká kí olè má bàa jí owó, lójú mi, ó ti dá a mọ́nú báyìí.

N kò mọ ìgbà tí mo sáré. Mo já màrìwò ẹnu ọ̀nà lulẹ̀, mo ń fi Yorùbá pariwo pé ọ̀ṣọ́ ni, ọ̀ṣọ́ ni, ọ̀ṣọ́ ìkórè ni! Ta ló gbọ́ Yorùbá nínú wọn? Èyí tí mo ṣe yẹn ló tún wá burú jù. Lójú tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í dédé já irú àmì bẹ́ẹ̀ kúrò. Wọ́n rò pé mo fẹ́ bo àṣírí ni. Ìgbájú kan dé, mo rí ìràwọ̀. Wọ́n fi irun wọ́ mi nílẹ̀, wọ́n ta mí nípàá níhà, epo pẹtiróòlù rin aṣọ mi gbindin. Mo ní, Olúwa, bí mo ṣe máa kú nìyí.

Tọ́pẹ́ rí mi láti ojú fèrèsé. Ọmọ tó lè gba ẹ̀yìn sá lọ! Ó ṣí àgọ́ onírin, ó ṣí ilẹ̀kùn tí epo ń kán lára rẹ̀, ó jáde, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ bò mí mọ́lẹ̀.

"Ọ bụ nne m! Ọ bụ nne m!" Ìyá mi ni, ìyá mi ni. Ó ń fi Igbo ké e bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ fẹ́ ya. Pákó tó ń bọ̀ wá sórí mi, orí rẹ̀ ló bà, ìṣó sì wà lára pákó náà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ṣàn wọ ojú mi. Kò dákẹ́. Ó ń sọ fún wọn pé Yorùbá ni wá, pé ìkórè là ń ṣe, pé Obinna wà láàyè, pé òun àti Ọ̀gá Dili ló gbé e dé ọsibítù.

Àwọn kan dáwọ́ dúró. Àwọn kan ní irọ́ ló ń pa. Ẹni tó mú ìṣáná lọ́wọ́ ṣì mú un dání.

Kẹ̀kẹ́ Marúwá kan ló já wọ àárín wa. Ìyá Obinna ni! Ṣé ẹ rí i, nígbà tí wọ́n ń sọ òkò, Tọ́pẹ́ ti pè é láti inú àgọ́ yẹn, ọsibítù náà ò sì jìnnà. Ìyá yẹn bọ́ sílẹ̀ láìní gèlè lórí, ó gbé fóònù sókè, ojú Obinna, tí nọ́ọ̀sì yá ní fóònù, sì wà nínú fídíò, tí ó ń bú wọn láti orí ibùsùn ọsibítù pẹ̀lú ohùn tí kò tíì le. Ó ń béèrè pé ta ló rán wọn níṣẹ́. Ìyá rẹ̀ gba ìṣáná, ó sì gbá ẹni tó mú un lójú ní ìgbájú kan tó dún dé ìkóríta.

Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn lọ fa omi nínú kànga Ọ̀gá Dili, ó fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ lórí Tọ́pẹ́, ó sì ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Wọ́n rán orí ọmọ mi. Apá Ọ̀gá Dili kò tíì nà tán títí di òní, eyín iwájú rẹ̀ sì ti lọ. Ó ti ilé tẹ́tẹ́ náà pa. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì padà wá. Kò sẹ́ni tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ mọ́, a tún ti ń ra omi lọ́wọ́ onítáńkà. Oní-POS ti kó lọ. Ẹ̀wà mi ń sùn báyìí. Àwọn ọmọkùnrin yẹn sì ti rí ilé tẹ́tẹ́ mìíràn lọ́nà New Market, bàtà tí wọn ìbá tà níwájú mi, ibẹ̀ ni wọ́n ń tà á.

Páànù ṣọ́ọ̀ṣì? Wọ́n ṣe é! Ọ̀gá Dili ní òun ti ṣèlérí. Obinna ló kó àwọn káfíńtà wá, kò gba owó iṣẹ́. Bàbá Àjàyí jókòó sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, pípá rẹ̀ gbẹ. Ẹ má bi mí bóyá èèyàn rere ni Ọ̀gá Dili tàbí èèyàn búburú. Mo jẹ lára rẹ̀, mo mọ ẹni tó ń san owó ohun tí mo jẹ, n kò sì lè sọ pé n kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ Tọ́pẹ́ ló ń dùn mí jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní ọsibítù, mò ń sunkún, mò ń sọ fún un pé n kò mọ̀, pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Kò bínú.

Ó ní, "Mummy, I dey this house since. Why you no just ask me?"

Àwọn àgbà wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ti pa òwe yẹn fún ọmọ yìí bí ẹni ń fọhùn. Ìgbà wo ni mo tẹ̀lé e?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú onílùú, kí lẹ ṣe rí tí ẹ rò pé iyì ni, tó jẹ́ pé ìjà lẹ ń wá láìmọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí a jọ kọ́gbọ́n. Àmọ́ kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ pe ọmọ yín tí ẹ bí síbẹ̀, tí ẹ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé kò gbọ́ Yorùbá, kí ẹ béèrè ohun tó mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi fi ọwọ́ kan àpá orí ọmọ tèmi láàárọ̀ yìí nígbà tí mò ń di irun fún un, n kò lè dì í dé ibẹ̀.