Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Mi Kò Gbà Mí

Ẹ fìdí lélẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ elérò méje tí mo rà kọ́kọ́ jáde ní Ìwó.

Ọkọ̀ ìjàpá ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, torí bí ẹbí bá ní àwọn fẹ́ bá mi lọ, "Àyè ò sí" ti tó. Ìyàwó mi ní ó ń ti òun lójú, ni mo bá tà á.

Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo fẹ́ fa ọmọ àbúrò mi olóògbé fọ́kọ ní Kúta. Kí n tó wẹ̀ tán, àwọn àna mi ti kún inú ọkọ̀. Láìsì, àbúrò ìyàwó mi, ti di sítíárì mú.

"Èmi ńkọ́?"

Ìyá ìyàwó mi ní, "Bàbá Sùlé, ọ̀kadà pọ̀ lóríta."

Nígbà tí n ó fi dé Kúta, Ááfà ti di Láìsì lọ́wọ́ mú, ó ń bi í bóyá ó fi ọmọ fún wọn. Ọkọ̀ ńlá ló gbé e wá, wọ́n ṣe bí òun ni bàbá ọmọ. Láìsì náà kò sì jiyàn!

Mo ké, "Ẹ tú u sílẹ̀! Èmi ni bàbá ọmọ!"

Ẹnì kan ní, "Ọlọ́kadà, ẹ ní sùúrù, oúnjẹ á kàn yín."

Ìgbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi ni wọ́n tó gbà, tí wọ́n so yìgì.

Bó ṣe parí nìyẹn. Ọmọ rí ọkọ fẹ́, Láìsì jogún kọ́kọ́rọ́, ìyá ìyàwó mi jogún àga iwájú. Èmi ni mo jogún fífọ ọkọ̀.