Ọ́ìlì ni mẹkáníìkì mi fi pa ẹnu bíréèkì mọ́

Mẹkáníìkì mi fẹ́ẹ́ pa mí l'Ẹ́dẹ lónìí, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí mi!

Bíréèkì ògbólógbòó mọ́tò mi ló ń han. Ó tú táyà, ó da ọ́ìlì sí bíréèkì. Ariwo dákẹ́ lóòótọ́.

"Ó ti bọ́ sí i, ẹ máa gbé e lọ."

Inú mi dùn. Ìyá mẹkáníìkì náà, tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, fẹ́ lọ sí Sekona.

Mo ní, "Màmá, ẹ wọlé, ká jọ lọ."

Mẹkáníìkì já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ mi: "Rárá o! Bíréèkì yẹn ò lè mú!"

Ìyá tèmi ti jókòó sẹ́yìn nínú mọ́tò látàárọ̀, ó ń ṣàdúà fún mẹkáníìkì yìí!

Ọ́ìlì ṣì kù nínú agolo. Ṣé kí n dà á lé e lórí ni, àbí kí n fún un mu?