Ìjókòó Iwájú Nínú Yàrá Ìdánrawò

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gba oníbàárà mi àkọ́kọ́, téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ ni mo mú dání lọ síbi iṣẹ́. Mo ti kà á nínú ìwé pé àga olùgbani-nímọ̀ràn àti ti oníbàárà gbọ́dọ̀ kọjú síra wọn, kí wọ́n fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí orúnkún má baà kan orúnkún. Mo wọ̀n ọ́n títí. Mo jókòó sí èkíní, mo jókòó sí èkejì, inú mi ń dùn bí ọmọ tó wọ bàtà ọdún.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni, ní Fẹ́sítáàkì. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀. Ìwé àlòkù nípa ìlera ọpọlọ ni mò ń rà kà, títí ó fi wọ̀ mí lẹ́wù tí mo padà sí yunifásítì lọ gba oyè másítà. Ọdún kejì ẹ̀kọ́ náà, ìdánrawò ni: a ó máa bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ sọ̀rọ̀ ní tòótọ́, ọ̀gá á sì jókòó sí igun yàrá, á máa wò wá. Ọ̀gá tèmi ni Dókítà Olúgbèmí, obìnrin tó gé irun mọ́lẹ̀, tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó ń kọ́ wa ṣáá ni pé ká pa ìmọ̀ràn tì, ká tẹ́tí, ká sì wo oníbàárà lójú.

Bàbá Ràṣídì ni wọ́n fún mi. Rísí, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló mú un wá, òun ló sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Dírẹ́bà lọ́rì ni Bàbá, Kánò ló ń ná. Bíréèkì já mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́nà Jẹ́bbà, Làmídì ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó máa ń jókòó tì í níwájú, sì kú. Láti ìgbà náà, bó bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mọ́tò, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá wá bá wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bímọ ní Ìbàdàn, ọmọ náà ti hu eyín, Bàbá ò sì tíì fojú kàn án.

Mo bá tẹjú mọ́ Bàbá. Mi ò ṣẹ́jú. Bàbá wo àjà, ó wo bàtà rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà.

“Ọmọ yìí, ṣé àwòrán ara ògiri ni mí ni?”

“Rárá o, Bàbá. Mò ń tẹ́tí sí yín ni.”

“Ṣé ojú lẹ fi ń gbọ́rọ̀ nílé yín?”

Ó parí síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, kò tiẹ̀ bú mi mọ́. Ilẹ̀ ló ń wò. Wọn ò tọ́ èmi náà láti máa tẹjú mọ́ àgbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ló wí.

“Fọlákẹ́,” ni Dókítà wí nígbà tí Bàbá jáde tán, “bó bá tún rí báyìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá fi Bàbá lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìwọ á tún ìdánrawò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.”

“Yẹ́ẹ̀s, mà.”

Mo sáré bá Rísí lórí àtẹ̀gùn. “Ṣé bí Bàbá ṣe ń dákẹ́ nílé náà nìyí?”

“Áà, Àǹtí, wọn kì í sọ̀rọ̀ nílé, kí jàǹbá yẹn tó ṣẹlẹ̀ pàápàá. Inú mọ́tò ni ọ̀rọ̀ wọn wà. Ẹ bá wọn jókòó níwájú nígbà náà, etí yín á kún!”

Mo kígbe. Níwájú mọ́tò! Ta ló ń wo ta lójú níbẹ̀? Dírẹ́bà ń wo títì, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń wo títì, ọ̀rọ̀ sì ń lọ geere.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo gbé àga méjèèjì síwájú fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n kọjú sí títì. Dókítà wo àga, ó wò mí, ó lọ jókòó sí igun rẹ̀ lẹ́yìn wa. Bàbá wọlé, ó dúró. Èmi ti jókòó sápá òsì.

“Dìde níbẹ̀.”

Ó nawọ́ sí àga mi.

“Ìjókòó dírẹ́bà nìyẹn.”

Mo fò dìde! Bàbá jókòó, ó tẹjú mọ́ títì. Táńkà kan kọjá nísàlẹ̀.

“Bíréèkì onítọ̀hún ò dáa,” ló wí.

“Báwo lẹ ṣe mọ̀, Bàbá?”

“Ó ń ké.” Ó fojú sin táńkà náà lọ. “Tèmi ò ké lọ́jọ́ náà.”

Ọ̀rọ̀ bá ya. Ó sọ bí Làmídì ṣe máa ń bó ọsàn fún un lójú ọ̀nà, bó ṣe máa ń purọ́ nípa ẹja tó pa. Omi ń bọ́ lójú mi, inú mi sì ń dùn débi pé mo di àga mú kí n má baà fò sókè. Mi ò wojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Báyìí la ṣe ń “rìn” lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, títí ọjọ́ kan tí Bàbá fúnra rẹ̀ jókòó sápá ọ̀tún, ibi Làmídì.

“Tíṣà, gbé mi lọ Ìbàdàn.”

Mo di sítíárì afẹ́fẹ́ mú, mo ki jíà.

“Tẹ kílọ́ọ̀ṣì! Ṣé o fẹ́ ba mọ́tò mi jẹ́ ni?”

Ó fọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú pinpin, ṣùgbọ́n kò dìde. Nígbà tí mo kéde pé a ti dé Ìbàdàn, ó kígbe bí èrò tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀, “Ó wà o!” Ẹ̀rín rẹ̀ gba gbogbo yàrá kan.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá ò wá. Mo wo àga títí, mo ní mo ti ba nǹkan jẹ́. Àfi bí Rísí ṣe sáré gun àtẹ̀gùn wá.

“Àǹtí! Bàbá ti lọ Ìbàdàn láàárọ̀ yìí! Ọkọ mi ló gbé wọn. A ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wọn, wọ́n ní rárá. Iwájú ni wọ́n jókòó sí!”

Mo dì mọ́ Rísí, a fò títí aṣọ orí mi fi já bọ́. Mo fi ayọ̀ jókòó sápá òsì, níwájú fèrèsé, mo tẹ fèrè: “Póò! Póò!”

Láti igun yàrá, mo gbọ́ ohùn Dókítà Olúgbèmí.

“Dírẹ́bà, rọra o. Èrò wà lẹ́yìn.”